Ẹ wo ìwúwo ọkọ̀ kí ẹ tó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ńlá

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà ọkọ̀ akẹ́rù wọn sí èyí tó tóbi ju ti àtilẹ̀wá lọ máa ń bi mí: "Báwo ni kí atẹ́gùn rẹ̀ ṣe pọ̀ tó?" Nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà níwájú wọn, kò sì sí ìdáhùn nínú méjèèjì. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, táyà tí ọkọ̀ gbé jáde nílé iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà fúnra rẹ̀ ń sọ atẹ́gùn tí táyà náà nílò nígbà tó bá gbé ẹrù dé òpin agbára rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ táyà LT (èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù kékeré) tó ní lẹ́tà E, tó ń sọ bí ẹrù tó lè gbé ṣe pọ̀ tó, 80 PSI ni; PSI ni òṣùwọ̀n agbára atẹ́gùn inú táyà. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ dé 80 lórí ọkọ̀ òfìfo, ọkọ̀ á máa ta pọ́npọ́n lórí gbogbo kòtò, àárín táyà á jẹ tán kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà òjò.

Ìwúwo ni kí ẹ bi. Atẹ́gùn ló ń gbé ọkọ̀, rọ́bà kàn ń dè é mọ́nú ni. Táyà tó bá tóbi ń gba atẹ́gùn púpọ̀, nítorí náà ó sábà máa ń lè gbé ẹrù kan náà pẹ̀lú PSI tó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Àmọ́ ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí: tó bá jẹ́ táyà P, ìyẹn ti ọkọ̀ akérò kékeré, lẹ ń lò tẹ́lẹ̀, tí ẹ wá kó LT tí ìtóbi wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i, LT máa ń fẹ́ PSI tó ga ju ti P lọ láti gbé ìwúwo kan náà. Ẹ má kàn dín in kù.

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n. Ẹ wọn iwájú lọ́tọ̀, ẹ wọn ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ẹ pín ìkọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ẹ wá fi wé tábìlì ẹrù tí ilé iṣẹ́ táyà ṣe, èyí tó ń sọ PSI tó yẹ fún ìwúwo kọ̀ọ̀kan. Nítorí ẹ́ńjìnnì, iwájú ló sábà máa ń wúwo jù nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo. Tí ẹrù bá wọ ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ yí padà.

Lẹ́yìn èyí ni ẹfun, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi ẹfun fa ìlà tó nípọn kọjá ojú táyà láti etí kan dé èkejì, kí ẹ wa ọkọ̀ tààrà díẹ̀ lórí ọ̀dà tó tẹ́jú, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bó bá jẹ́ àárín nìkan ló pa rẹ́, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ etí méjèèjì ló pa rẹ́ tí àárín ṣì funfun, kò tó. Ẹ yọ díẹ̀díẹ̀ tàbí kí ẹ fi kún un, títí ìlà á fi máa pa rẹ́ dọ́gba. Síbẹ̀, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ ju ohun tí tábìlì sọ lọ nítorí ẹfun. Tí táyà bá fẹ̀ ju ríìmù lọ, àárín rẹ̀ á yọ síta, ẹfun á sì máa sọ pé kí ẹ yọ atẹ́gùn tí táyà nílò.

Òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kí ẹ wọn atẹ́gùn táyà, tàbí lẹ́yìn tó bá ti dúró fún wákàtí mẹ́ta. PSI máa ń gòkè bí táyà bá gbóná lójú ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ nígbà náà. Bó bá tutù tán, á ti lọ sílẹ̀ jù. Ojú ọjọ́ náà ń ṣe tirẹ̀: bí ó bá tutù sí i ní nǹkan bíi 5 tàbí 6 lórí Celsius, ó máa ń mú bíi PSI 1 lọ.

Àìtó ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀gbẹ́ táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó á máa ká lábẹ́ ẹrù, á máa gbóná, ó sì lè bẹ́ lórí eré. Tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 15 tàbí 20 nínú iyanrìn, ẹ rọra wà á, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó wọ ọ̀nà márosẹ̀.

Tí ẹ bá ti rí i, ẹ kọ PSI ọkọ̀ òfìfo àti ti ọkọ̀ tó kún sórí bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá tún máa wa ọkọ̀ náà lè rí i.