Etí ló ń kọ́kọ́ jó nínú ballroom

Àwọn tó ń wá kọ́ ijó ballroom, ijó òyìnbó tí ọkùnrin àti obìnrin máa ń jó pọ̀ ní méjì-méjì, lọ́dọ̀ mi nílùú Ọ̀yọ́ sábà máa ń bèèrè pé ìgbà wo ni wọn yóò kọ́ àrà tí wọ́n rí lórí YouTube. Mo máa ń ní kí àrà dúró ná. Bí ẹ bá fẹ́ lọ síbi ìdíje, bí ẹsẹ̀ yín bá bá ìlù mu ni àwọn adájọ́ yóò kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá ń ṣì ìlù léraléra, bí ọrùn rẹ̀ gùn, bí aṣọ rẹ̀ ń tàn, ẹ̀yìn ni wọn yóò fi í sí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ìdí bàtá àti dùndún la dàgbà sí. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà: etí wa ti mọ́ ọn lára láti máa wá ohun tí ìyáàlù ń wí, kí èjìká sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Waltz, ọ̀kan nínú àwọn ijó ballroom, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlù mẹ́ta-mẹ́ta ni, àkọ́kọ́ rinlẹ̀, méjì yòókù fúyẹ́. Orí àkọ́kọ́ yẹn ni ara ti ń gbéra, á máa ga bọ̀, á sì ti rọra wálẹ̀ kí àkọ́kọ́ mìíràn tó dé. Bí ẹ bá ń dá gbogbo ìlù lóhùn, ijó yóò já sí wẹ́wẹ́.

Nítorí náà, ẹ jókòó. Ẹ gbé fóònù síwájú, kí ẹ ka ìlù tó rinlẹ̀ nìkan fún ìṣẹ́jú kan. Nínú Waltz ìdíje, 28 sí 30 ló yẹ kí ẹ kà. Viennese Waltz náà jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ṣùgbọ́n 58 sí 60 ni tirẹ̀. Quickstep jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, 50 sí 52. Ọmọkùnrin kan tó ń fín igbá wà lọ́dọ̀ mi tó gbé ẹ̀kọ́ yìí lọ sídìí iṣẹ́: á fi ìdí ọ̀bẹ kan igbá lẹ́ẹ̀kan, á fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó dìde láti jó, n kò ní láti ka ìlù fún un mọ́. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Àwọn ìyá kan máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: “Tíṣà, ṣé dandan ni kí wọ́n fara kanra báyẹn?” Dandan ni, Mà, nínú Waltz, Tango, Viennese Waltz, Slow Foxtrot àti Quickstep. Ara ni ọkùnrin fi ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún obìnrin, kì í ṣe pé ó ń fi ọwọ́ fà á. Mo máa ń ní kí Màmá jókòó wò wá títí a ó fi ṣíwọ́. Kò sí ohun tí a ń fi pamọ́.

Ẹ má gbé ara yín sókè o. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá kúrò nílẹ̀ méjèèjì nítorí pé ẹnìkejì gbé e ró, òfin kọ̀ ọ́. Ẹ sì máa yí gbọ̀ngàn ká kí ògiri wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Ẹni tó bá gba àárín kọjá yóò kọ lu ẹlòmíràn.

Ní ti máàkì, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ní àṣekágbá, adájọ́ kì í fún ni ní máàkì lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Skating System, ipò ló ń tò: ẹni àkọ́kọ́, èkejì, títí dé ìkẹyìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ ló ń borí. Bí adájọ́ márùn-ún bá wà, tí mẹ́ta fi yín sí ipò kìíní, ẹ̀yin lẹ gba ijó yẹn, kódà bí méjì yòókù fi yín sí ìkẹfà. Ẹ má ṣe tìtorí adájọ́ kan yí ijó yín padà. Ẹ gba ìwé èsì, kí ẹ wo ibi tí ẹnu mẹ́ta ti pa pọ̀.