Ìjókòó Zen: Ẹ Má Jókòó Nítorí Àtirí Ìran

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú zazen, ìjókòó àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Zen, ni pé ẹni tó bá ń kánjú kí ojú inú rẹ̀ là ló máa ń tètè pa á tì. Á máa ṣọ́ ara rẹ̀ bóyá nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan kan, á ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀. Dogen, mọ́ńkì ará Japan tó lọ sí Ṣáínà lọ́dún 1223 tó sì padà sílé lọ́dún 1227, kọ́ni pé ìjókòó yẹn àti ojú inú tó là kì í ṣe nǹkan méjì.

L'Ábẹ́òkúta níbí, ìdájí ló dáa jù, kí jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà tó gba ìgboro. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ gbé tìmùtìmù tó le díẹ̀ lé e, kí ẹ jókòó sí apá iwájú rẹ̀, kí orúnkún méjèèjì sì kanlẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Bí ìjókòó bá rẹlẹ̀ jù, orúnkún á gbé sókè, ìbàdí á yọ́ sẹ́yìn, ẹ̀yìn á tẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí á fi máa dun yín. Àdìrẹ Ìtòkú tó ti gbó, tí ẹ ká ní ìlọ́po-ìlọ́po sábẹ́, dáa ju fóòmù rírọ̀ lọ, nítorí fóòmù máa ń rì. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè lo àga, kó má ṣáà fẹ̀yìn tì.

Ẹ gbé ọwọ́ òsì lé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, kí orí àtàǹpàkò méjèèjì fara kanra fẹ́rẹ́. Àtàǹpàkò yìí kì í purọ́: bí oorun bá ń bọ̀, wọ́n á yà kúrò lára ara wọn; bí ẹ bá ń fipá ṣe é, wọ́n á ti ara wọn sókè. Ẹ má di ojú pátápátá. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kó wo ilẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan síwájú.

Ẹ máa ka èémí tó ń jáde láti ení dé ẹ̀wá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bá ara yín ní ẹ̀tàdínlógún, tàbí lọ́jà Kútọ̀ níbi tí ẹ ti ń ná ẹja, ẹ padà sí ení láìbínú. Bí wọ́n bá pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, ẹ má lé ohùn náà, ẹ má sì tẹ̀lé e. Ìṣẹ́jú 10 tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é papọ̀, ó sábà máa ń wà láàárín 25 sí 40.

Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tàbí tí ẹ gbọ́ ohùn, makyō ni wọ́n ń pè é. Láàárín àwa tí a ka ìran sí púpọ̀, ó ṣòro láti gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ojú inú tó là. Ẹ padà sí ení. Bó bá ń dẹ́rù bà yín, tàbí tí oorun kò wá lálẹ́ mọ́, ẹ dá ìjókòó dúró, kí ẹ lọ rí dókítà.

Rinzai, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka Zen, máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní koan, ìbéèrè tí làákàyè nìkan kò lè tú, irú èyí tí Hakuin, olùkọ́ Zen ará Japan, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nípa ìró ọwọ́ kan ṣoṣo. Olùkọ́ ló ń yẹ ìdáhùn wò lójúkojú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti dá a ṣe. Ẹni tí kò bá ní olùkọ́ nítòsí, kó máa ka èémí rẹ̀.