Kí Olùkọ́ Tó Lè Jẹ́rìí Ẹni: Nílé àti ní Amẹ́ríkà

Ní Nàìjíríà, bí ọmọ bá fẹ́ kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn, máàkì rẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀ fún un. Á gba fọ́ọ̀mù, á lọ bá JAMB, ilé ìwé tó ń fi sílẹ̀ á sì fi transcript rẹ̀ ṣọwọ́ síbi tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó máa béèrè irú èèyàn tó jẹ́ ní kíláàsì. Ta ni wọ́n tiẹ̀ máa bi? Olùkọ́ tó ń kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ nínú gbọ̀ngàn kan, tí àwọn mìíràn dúró sójú fèrèsé, ibo ló ti fẹ́ dá ojú wa mọ̀?

Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kejì tí kò parí títí di oṣù Kẹwàá, ni mo wá sí Houston. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ni mo wọ̀, mo sì ń múra àtibọ́ sí yunifásítì báyìí. Àwọn ilé ìwé tí mo yàn ní kí olùkọ́ kọ lẹ́tà nípa mi. Gbogbo yunifásítì ibí kọ́ ló ń béèrè rẹ̀ o. Àwọn yunifásítì UC (University of California) kì í gba lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù.

Lórí Common App, ìyẹn ìkànnì tí èèyàn ti ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ yunifásítì, ímeèlì olùkọ́ ni wàá tẹ̀ síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lá fi lẹ́tà ránṣẹ́. Wọ́n á tún bi ọ́ bóyá o yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tí FERPA, òfin Amẹ́ríkà ti 1974 lórí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, fún ọ láti ka lẹ́tà náà. Mo yọ̀ǹda tèmi, torí lẹ́tà tí ọmọ ò lè kà ni wọ́n máa ń gbẹ́kẹ̀ lé jù. Nílé, bí èèyàn bá fẹ́ gba irú lẹ́tà yìí fún másítáàsì, ọ̀pọ̀ olùkọ́ á ní, "Lọ kọ ọ́ wá, màá buwọ́ lù ú." Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ló jẹ́rìí ara rẹ̀ yẹn. Ti ibí tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Ibi tó ti le fún wa ni lílọ bá olùkọ́. Nílé, a máa ń dúró ní kọ́rídọ̀, a ó bi akọ̀wé bóyá Prof wà lórí ìjókòó, a ó kúnlẹ̀, a ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, a ó máa lọ. Níbí, olùkọ́ ìṣirò mi kọ wákàtí tí a lè wá bá wọn sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́, ilẹ̀kùn wọn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí mo tọrọ lẹ́tà, wọ́n ní kí n mú ìdánwò calculus tí mo ti gba máàkì kékeré wá, pẹ̀lú àtúnṣe tí mo ṣe sí i. A jọ tú u palẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ń fi lẹ́ẹ̀dì fàlà sábẹ́ ibi tí mo ti yí ọ̀nà padà. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an làwọn máa kọ nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ tètè lọ bá wọn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló jẹ́ pé sáà sí sáà ni wọ́n ń gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí kíláàsì tó parí, kí ẹ sì fún wọn ní oṣù kan, ó kéré tán, kí fọ́ọ̀mù tó tì.