Vercors: Òjò Ń Rọ̀ Lókè, Omi Ń Bẹ Nísàlẹ̀

Ọjọ́rú, oṣù Kẹjọ

Oòrùn mú ganrínganrín lónìí, ọ̀rọ̀ omi ló sì gbà mí lọ́kàn. Vercors wà lẹ́bàá ìlú Grenoble nílẹ̀ Faransé, lára àwọn òkè tó ṣíwájú Alps gan-an. Grand Veymont ló ga jù níbẹ̀: 2,341 mítà. Òjò kì í wọ́n wọn, yìnyín sì ń bò wọ́n lásìkò òtútù, síbẹ̀ kò sí odò kan tó ń ṣàn lórí pẹrẹsẹ òkè tó wà lápá gúúsù.

Òkúta ẹfun ló fà á, irú èyí tí à ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì. Òjò tó bá gba inú iyẹ̀pẹ̀ kọjá á gbé gáàsì ibẹ̀ dání, omi náà á ní kíkan díẹ̀, á wá máa jẹ òkúta náà níbi tó ti sán. Ojú sísán á fẹ̀, á di kòtò, á di ihò. Gouffre Berger, lápá àríwá, ni ihò àkọ́kọ́ láyé tí èèyàn wọ̀ kọjá 1,000 mítà sísàlẹ̀, lọ́dún 1956. Nígbà tí omi bá kan amọ̀ tó wà lábẹ́ òkúta, kò ríbi gbà mọ́, ó di dandan kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tú jáde lára àpáta. Ẹ wo ihò Choranche: òkúta funfun tó tín-ín-rín bíi sìpàgẹ́tì ń rọ̀ láti àjà, òmíràn gùn tó mítà mẹ́ta, inú wọn ṣófo, ẹ̀kán omi kan sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Máàpù ló ń tan àlejò jẹ. Á rí àmì ìsun omi lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GR 91, á ní kò séwu. Bí ọ̀dá bá pẹ́ díẹ̀, ìsun náà lè gbẹ. Lítà mẹ́ta ni kí èèyàn gbé fún ọjọ́ kan, ó kéré tán; ẹni tí yóò sùn lókè á fi kún un. Omi tó bá sì bù níbẹ̀, kó sẹ́ ẹ, torí àgùntàn ń jẹ̀ káàkiri, òkúta tó sán kì í sì í sẹ́ omi bíi yanrìn.

Kùrukùru tún burú ju òùngbẹ lọ. Kò sí odò téèyàn lè tẹ̀ lé sọ̀ kalẹ̀, koríko sì ń bo ojú àwọn sísán tó lè gbé ẹsẹ̀ mì. Ẹ má ṣe kọrí sí ìlà oòrùn láìríran: ògiri àpáta ló já wálẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí ògiri náà bá ti ní àlàfo nìkan lọ̀nà wà, bíi Pas de la Ville àti Pas de l'Aiguille.