Ta ló bo sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀? Iṣẹ́ ìnáwó n'Íbàdàn àti lọ́hùn-ún

Ẹ̀yin tèmi, iṣẹ́ sáúńdì ni mò ń ṣe nílùú ọba, mi ò ní ọ̀gá kan pàtó, ẹni tó bá pè mí ni mò ń bá lọ, lónìí ilé ijó, lọ́la ìpàdé àwọn oníléeṣẹ́, lọ́tùnla ìgbéyàwó àwọn ará Íńdíà. Kò rọrùn o, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò tàn yín. Tí wọn ò bá pè ẹ́, o ò jẹun nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa sanwó ìsinmi fún ẹ, owó orí gan-an ìwọ lo máa ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ kó tó di 31 oṣù kìíní. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020 tí wọ́n ti gbogbo gbọ̀ngàn pa, àwọn kan nínú wa bọ́ sídìí wíwa ọkọ̀ akẹ́rù, wọn ò sì padà wá mọ́.

Síbẹ̀ ohun kan wà lọ́hùn-ún tí mi ò kì í rí tí mo bá wálé Ìbàdàn wá ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe irinṣẹ́. Irinṣẹ́ kún Ìbàdàn jàre, míksà Behringer X32 (ẹ̀rọ tó ń po ohùn máíkì àti ìlù pọ̀) tí mò ń lò lọ́hùn-ún náà ni mo bá lọ́wọ́ àwọn bọ̀bọ́ Mọ́kọ́lá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Lọ́hùn-ún, kí ọjọ́ tó pé, bébà kan á ti wọlé sórí ímeèlì wa, aago tí ẹrù máa wọlé, ta ló máa kọ́kọ́ wọlé, máíkì mélòó ni báńdì fẹ́, ibo ni iná wà, nọ́ńbà ẹni tó ń ṣe kòkáárí gbogbo ẹ̀. A lè má tíì fojú kanra rí, ká tó mu tíì tán kálukú ti mọ àyè ẹ̀. Bí ara mi ò bá yá, èmi ni màá wá ẹni tó máa lọ dípò mi, kò sì gbọ́dọ̀ gba kọ́sítọ́mà mọ́ mi lọ́wọ́, ẹni tó bá dán an wò, orúkọ ẹ̀ á bàjẹ́ láàárín wa.

Ẹ wá wo ìnáwó nílẹ̀ Olúyọ̀lé. Àbúrò bàbá ìyàwó ló mú báńdì wá, ẹ̀gbọ́n ọkọ ló mọ DJ, ìyàwó fúnra ẹ̀ ló rí àwọn tó ń ṣe dẹkọréṣọ̀n lórí Instagram, alága ìjókòó á tún gbé máíkì àti spíkà tiẹ̀ dání. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀.

Oṣù Kejìlá tó kọjá, gbọ̀ngàn kan lápá Ring Road, ìgbà tá a fi máa débẹ̀ láàárọ̀ wọ́n ti fi aṣọ funfun àti òdòdó bo ògiri ẹ̀yìn àga ìyàwó látòkè délẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yẹ ká lò sì ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣí igun kan péré.

"Bọ̀dá, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Wọn ò tíì ya fọ́tò."

La bá lọ fa wáyà látọ̀dọ̀ àwọn alásè, àwọn tó ń din small chops sì ti ki fúráyà oníná bọ ibẹ̀, tí fúráyà bá ti ń gbóná báyìí, iná á rẹlẹ̀, míksà á kú, X32 kì í sì í jí lójú ẹsẹ̀. Ó kú mọ́ alága lẹ́nu níbi tó ti ń pe ìdílé ọkọ kí wọ́n wá dọ̀bálẹ̀. Àfi onígángan tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣe, ó ń ki bàbá ìyàwó lọ ràì, ìlù ẹ̀ gba gbogbo gbọ̀ngàn láìsí máíkì, owó ń rọ̀ lé e lórí. (Àwa tá a wà nídìí míksà, ta ló ń náwó fún wa?)

DJ tí a ò mọ̀ rí yìí ló yọ UPS tiẹ̀, bátìrì tó ń gbé iná dúró, gbé fún wa, kò gba kọ́bọ̀. Lọ́hùn-ún, ẹlòmíì á kọ́kọ́ bèèrè bóyá ínṣọ́ránsì òun gbà á láyè ná.

Ti bálánsì owó iṣẹ́ wa ńkọ́? Òfin wà nílùú ọba láti 1998, tó bá jẹ́ oníléeṣẹ́ lo bá ṣiṣẹ́, bí ẹ ò bá dá ọjọ́ tí wọ́n máa san án, ọgbọ̀n ọjọ́ ni, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ o lè fi èlé lé e. Wọ́n ṣì ń pẹ́ san án o, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ gbà á láti bèèrè. N'Íbàdàn, tí wọ́n bá ti jó tán, ẹni tó mú ẹ wá ò ní gbé fóònù mọ́, àsansílẹ̀ nìkan ló dájú.

Èmi àti DJ yẹn ti jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí. Tí wọ́n bá ti pè wá, a máa ń gba nọ́ńbà gbogbo àwọn tó kù lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí, a ó kó wọn sójú kan lórí WhatsApp. Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, alága ti fi fóísì nóòtì ránṣẹ́, àwọn onídẹkọ́ ti fi fọ́tò ògiri ránṣẹ́ kí wọ́n tó bò ó. Ó ku ìyá alásè, ó ní òun kì í ka gbogbo ìyẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ pe òun.