Kọ́kọ́rọ́ géètì àdúgbò yín, ọwọ́ ta ló wà?

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí ilé kan jó ní àdúgbò wa. Òórùn aṣọ tó jó ò tíì kúrò lára kọ́tìnì ilé mi, ara mi ò sì tíì balẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní apá Alágbàdó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti Ògùn ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ẹ ò ní gbàgbé. Ìjọba ti sé àwa ará Èkó mọ́lé nítorí kòrónà láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ebi ń pa ará ìlú, wọ́n wá ń gbé e kiri pé àwọn ọmọ Àwáwà àti Wan Mílíọ̀nù Bọ́ìsì, àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú, ń bọ̀. A ò sùn. Táyà là ń jó ní oríta, tàdá tigi lọ́wọ́. Ẹ̀rù ìgbà yẹn ló mú wa dáwó géètì. Èmi ni mo dábàá pé kí wẹ́dà jó àpótí irin bo páádì, kí olè má rí ibi fi gé e. Èmi náà ni mo ní kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ bàbá ọdẹ nìkan, torí bó bá pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ọ̀kan á já sọ́wọ́ olè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó wà nínú ìwé ìpàdé, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

Lóru ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, télọ̀ tó wà ní nọ́ńbà 17 (ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Bùsáyọ̀) ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà tó fẹ́ ṣe ìyàwó. Wọ́n mú iná lọ, oorun gbé e, áyọ́ọ̀nù sì wà lórí aṣọ. Nígbà tí aago kan kọjá díẹ̀, wọ́n mú iná dé.

Igbe ló jí wa. Ìyá àti ọmọ ti jáde, ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń pe alága, alága náà ń pe èmi. Nọ́ńbà DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá, tó wà lára ògiri, DPO ọ̀hún ti kúrò ní tèṣọ̀n yẹn tipẹ́. Nígbà tó yá ni mo rántí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Kò sí káàdì lórí fóònù mi, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni, ó wọlé. (Ní Èkó, 767 náà wà.) Ọmọbìnrin tó gbé e béèrè ohun tó wà nítòsí wa tí ará ìta mọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yìn ilé Alága." Ó ní, "Alága wo, sà?"

Aago 1:44 ni ọkọ̀ panápaná dé. Iná pupa orí ẹ̀ ń yí lára ògiri ilé wa, omi wà nínú ẹ̀, ó sì dúró lẹ́yìn géètì. Bàbá ọdẹ ò sí níbẹ̀. A pè é, fóònù ẹ̀ ń dún lórí bẹ́ǹṣì nínú àtíbàbà ẹ̀. Àwọn panápaná mú irin tí wọ́n fi ń gé páádì jáde, kò wọ inú àpótí. Wọ́n tún un gbé, kò wọ̀ ọ́. Ọ̀gá wọn tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní, "Ta ló ṣe irú èyí?" Mi ò fèsì. Wọ́n fa okùn omi gba orí géètì, kò dé ìdajì ọ̀nà.

Ìyá Bùsáyọ̀ dúró láàárín títì pẹ̀lú ìró nìkan lára. Kò sunkún. Ó kàn ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́: "Ẹ̀rọ mẹ́rin. Wífíìnì kan. Aṣọ ìyàwó. Aṣọ ìyá ìyàwó." Ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà kan ló gbé òòlù ńlá wá tó fi fọ́ òpó géètì. Aago 2:03. Bí géètì ṣe ń wó ni bàbá ọdẹ sáré yọ láti kọ̀rọ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Àdúgbò kejì ló ti lọ ṣọ́. A jẹ ẹ́ lówó oṣù méjì. Kí ẹ tó bú mi, ìdajì àwọn onílé kì í san owó ìṣọ́, mo ti pariwo ẹ̀ títí. Síbẹ̀, ọdẹ tí ebi ń pa ò lè ṣọ́ ilé wa nìkan.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kó pé mẹ́ta, ó kéré tán, kí ó wà nílé àwọn tó ń sùn nílé, kì í ṣe nílé alága tó ń lọ Àbújá ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ fún tèṣọ̀n ọlọ́pàá ní ọ̀kan tí ẹ bá fọkàn tán wọn. Ẹ kọ 112 sára ògiri, kí ẹ kọ ohun tí ẹ máa sọ sábẹ́ ẹ̀: orúkọ àdúgbò, búsítọ́ọ̀pù, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí. Kí ọmọdé mọ ibi tí wọ́n ti ń pa iná mítà. Àmọ́ tí ẹ bá ṣe gbogbo ìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò ẹnì kan, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Mi ò ní kí ẹ yọ géètì o. Olè wà, mo mọ̀. Olè ò sì wọ àdúgbò wa láti ọdún 2020, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn náà.

A ti tún òpó ṣe. A gé àpótí dànù. A san gbèsè bàbá ọdẹ, a sì dáwó ẹ̀rọ méjì.

Lọ́jọ́ Sátidé mo mú kọ́kọ́rọ́ kẹta lọ fún Ìyá Bùsáyọ̀. Mo kí i, kò dá mi lóhùn dáadáa. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ti dán an wò?" Mo ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni. Ó wọ bàtà ẹ̀, a jọ rìn dé géètì nínú oòrùn ọ̀sán. Ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i.