Ìró tó ń mi fèrèsé wa ní Texas

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, ọ̀sán ni mo máa ń sùn. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí agbègbè Waco ní Texas, mo máa ń ta jí lọ́sàn-án gangan, mo máa ń rò pé òjò ńlá ló ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àrá a máa sán, a sì dáwọ́ dúró. Èyí tí mò ń wí yìí, bó bá bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló máa ń ró lọ láìmí, gíláàsì ojú fèrèsé á máa gbọ̀n, èèyàn á máa gbọ́ ọ nínú àyà ara rẹ̀. Nígbà tó bá yá, gbogbo rẹ̀ á pa rọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ni. McGregor, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Waco, ni ilé iṣẹ́ SpaceX ti ń dán an wò. Kò sí ẹ́ńjìnnì Merlin tàbí Raptor tó ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn lọ sókè tí wọn ò kọ́kọ́ tanná sí níbí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo bá wá sí Amẹ́ríkà, àmọ́ ìró yìí ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun gbogbo tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì, mi ò sì tíì ṣíwọ́.

Ilẹ̀ McGregor ti mọ iná tipẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì fún ológun gba ibẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 1995. Ẹni tó tẹ̀lé wọn ni Andrew Beal, oníbáńkì kan tó fi owó ara rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní 1997. Ó ṣe ẹ́ńjìnnì ràgàjì kan, ó tan án ní McGregor ní ọdún 2000. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ohun tó sọ ni pé àwọn tí ìjọba ń fowó tì lẹ́yìn ni òun ń bá du ọjà. Bí èmi ṣe rí i, iṣẹ́ náà kò kọjá agbára rẹ̀, ọjà ni kò tíì ṣí sílẹ̀ fún aládàáni. Elon Musk dá SpaceX sílẹ̀ ní 2002, nígbà tó sì di 2003, ibi tí Beal fi sílẹ̀ ni wọ́n kó wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì náà, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kẹrosíìnì tí wọ́n sẹ́ dáadáa àti ọ́síjìn tí òtútù ti sọ di olómi ni Merlin ń jó. Pọ́ọ̀pù kan tó ń yí lé ní 30,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan ló ń ti méjèèjì wọ inú ìyẹ̀wù tí wọ́n ti ń jó. Iná ibẹ̀ gbóná ju 3,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bàbà ni wọ́n fi ṣe ògiri inú ìyẹ̀wù náà, bẹ́ẹ̀ bàbà ń yọ́ bí ooru bá ti kọjá 1,085. Kí ni kò jẹ́ kó yọ́? Wọ́n gbẹ́ àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ògiri náà. Kẹrosíìnì á kọ́kọ́ gba inú wọn kọjá, á gba ooru lára bàbà, kó tó wọlé lọ jóná. Epo tó ń bọ̀ wá jó ni wọ́n fi ń tu ààrò lára! Mi ò tíì rí ọgbọ́n tó wù mí tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ yìí kan náà ló fẹ́ pa SpaceX run ní 2008. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré wọn, Falcon 1, ti já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kejì Oṣù Kẹjọ, wọ́n tún rán an lọ láti erékùṣù Omelek nínú òkun Pàsífíìkì, pẹ̀lú Merlin tuntun tó ní ihò ìtutù nínú ògiri. Ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, wọ́n pa á, apá ìsàlẹ̀ já kúrò lára apá òkè. Àfi bí apá ìsàlẹ̀ ṣe tún sún síwájú, tó sì lọ kọ lu apá òkè láti ẹ̀yìn. Epo díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ihò ògiri ló ń ru jáde, tó sì ń tì í lọ. Ní McGregor, wọn ò rí i rárá, torí pé agbára afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ ju ti epo tó ń ru jáde yẹn lọ, ó bò ó mọ́lẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa bò ó. Kí ni àtúnṣe rẹ̀? Kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i kí apá méjèèjì tó já. Àkókò nìkan ni wọ́n yí padà. Ní ọjọ́ 28 Oṣù Kẹsàn-án, Falcon 1 bẹ̀rẹ̀ sí í yí ayé po, òun sì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì elépo olómi àkọ́kọ́ látọwọ́ aládàáni tó dé ibẹ̀.

Oṣù méjì kò tíì pé láàárín ìjákulẹ̀ àti àṣeyọrí. Ohun tí àwọn aládàáni mú wọ iṣẹ́ yìí rèé lójú tèmi. Owó kọ́ o, ìjọba lówó jù wọ́n lọ. Wọ́n lè tan án, kó bàjẹ́, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì tún tan án kí ẹnu ayé tó kúrò lára wọn. Ọ̀nà kan wà ní McGregor tí ará ìlú lè dúró sí wo ìdánwò yìí lókèèrè, mo sì ti dúró níbẹ̀ rí. Èéfín funfun lẹ máa kọ́kọ́ rí tó ń rú gùdù láìsí ariwo, ẹ óò ti fẹ́ máa wẹ̀yìn kí ìró tó dé bá yín.

Nígbà tó yá, kò tó mọ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra, ó gbọ́dọ̀ padà wálé. Ní ọjọ́ 21 Oṣù Kejìlá 2015, apá ìsàlẹ̀ Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX tó tóbi ju Falcon 1 lọ, sọ̀ kalẹ̀ ní ìnàró ní Florida. Oṣù Kẹta 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ tún lo èyí tó ti fò rí, ọ̀kan sì ti fò lé ní 30 ìgbà báyìí. Ibẹ̀ ni kẹrosíìnì ti di ìṣòro, torí ó máa ń fi èéfín dúdú sílẹ̀ lára irin. Gáàsì methane ń jó mọ́ jù ú lọ. Òun ni Raptor ń lò, òun náà sì ni ẹ́ńjìnnì BE-4 ti Blue Origin, ilé iṣẹ́ Jeff Bezos, ń lò. BE-4 ló gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì Vulcan lọ ní Oṣù Kìíní 2024. Bẹ́ẹ̀, kó tó dìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà ni ilé iṣẹ́ tó ni Vulcan ti ra ẹ́ńjìnnì fún rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọjọ́ 13 Oṣù Kẹwàá 2024, apá ìsàlẹ̀ Starship, rọ́kẹ́ẹ̀tì ràgàjì SpaceX, tó ní Raptor 33 nídìí, padà wá sí gúúsù Texas, apá irin méjì lára òpó gíga sì gbá a mú lófuurufú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ òru ni, inú mọ́tò ni mo ti wò ó lórí fóònù, mo sì pariwo. Ẹ́ńjìnnì 33 yẹn, níbí ni gbogbo wọn ti kọ́kọ́ dún!

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọmọ ààfin. Tom Mueller, tó ṣe Merlin, ọmọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gẹdú ní Idaho ni, ó sì ń fi àkókò ìsinmi rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì kí Musk tó rí i. Peter Beck, ọmọ New Zealand tó dá Rocket Lab sílẹ̀ ní 2006, kò lọ yunifásítì. Iṣẹ́ irin ló kọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, Rutherford, ń fi bátìrì yí pọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní 3D printer, tó ń to irin léra ní ìpele-ìpele, ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀. Oṣù Kìíní 2018 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́kọ́ dé ibi tó ti lè yí ayé po.

Àwọn òbí ti ń bi mí bóyá ọmọ wọn lè wọ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú ló máa kọ́kọ́ pinnu. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ITAR, ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú ohun ìjà ni ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ọmọ onílùú, ẹni tó ní gíríìnì káàdì, àti ẹni tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi ló lè fọwọ́ kàn án láìgba ìwé àṣẹ pàtàkì lọ́wọ́ ìjọba, ilé iṣẹ́ kì í sì í fẹ́ wá àṣẹ yẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò tó. Ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà níbí, ó kọ̀wé káàkiri, kò sẹ́ni tó pè é, kò sì mọ ìdí rẹ̀ àfi ìgbà tí ẹnì kan fi ìlà tí wọ́n kọ òfin yìí sí nísàlẹ̀ ìkéde iṣẹ́ hàn án. Ó dùn mí gan-an, torí ó mọ iṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń fi gáàsì pèsè iná mànàmáná ló wà báyìí, ooru, irin àti ohun tó ń yí ló sì ń tọ́jú níbẹ̀ náà. Ó ń retí gíríìnì káàdì rẹ̀. Ó ní bó bá ti tẹ òun lọ́wọ́, McGregor ni òun máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí.